Bí a ṣe pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì Camry nílé ní Gáà Akánbí, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ kọ, mo sì fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an láìfi nǹkan kan pamọ́, torí mo mọ̀ pé a ti pọ̀ ní Ìlọrin níbí tá à ń tú mọ́tò fúnra wa nílé báyìí, owó iṣẹ́ ti wọ́n jù, kálukú ní sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ẹ̀tì kan nínú búùtù, fídíò sì wà lórí fóònù. Mọ́tò náà, Camry 1999 ni, ẹ́ńjìnì 2.2 oní-pisítìn mẹ́rin, èyí tí Toyota ń pè ní 5S-FE. Inú kọ́ńpáùndì wa ní Gáà Akánbí la ti ṣe é, èmi àti àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ rẹwáyà.

Tòkúnbọ̀ ni mo rà á, ó ti lé lọ́dún méjì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn kẹ́yìn. Ohun tí Toyota wí ni pé mọ́tò tó bá ń rìn nínú gosilóò, tó máa ń dúró pẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, 60,000 máìlì ni kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tèmi sì ti kọjá 171,000 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo ṣí kọ́fà òkè wò, bẹ́líìtì náà ti sán lára bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́, ọ́ìlì tó ń jò láti ojú káàmù sì ti rin ín gbingbin. Bẹ́ẹ̀ àwọn àna mi ní ìnáwó ní Òmù-Àrán ní Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ̀ yìí náà la fẹ́ gbé lọ, tọmọtọmọ. Mẹkáníìkì tí mo bá sọ ọ́ bèèrè 30,000 náírà owó iṣẹ́ nìkan, bẹ́líìtì ò sí níbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ bíréèkì rí, mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti fáànù bẹ́líìtì, mo bá ní èyí náà á ṣeé ṣe.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí bẹ́líìtì yìí ń ṣe, torí ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé ọ̀kan náà ni òun àti fáànù bẹ́líìtì. Fáànù bẹ́líìtì wà níta, lára Camry yìí, tó bá já, bátìrì ò ní gba ináa cháàjì mọ́. Táímìn bẹ́líìtì wà nínú kọ́fà, òun ló so kíráńkì tó wà nísàlẹ̀ mọ́ káàmù tó wà lókè, kíráńkì ló ń gbé pisítìn sókè sódò, káàmù ló ń ṣí fáàfù tó ń pa á dé. Kíráńkì á yí ẹ̀ẹ̀mejì kí káàmù tó yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, eyín tó wà nínú bẹ́líìtì ló sì ń mú kí àwọn méjèèjì máa bára wọn mu. Eyín kan péré tó bá yẹ̀, fáàfù á máa ṣí nígbà tí kò yẹ kó ṣí. Lára ẹ́ńjìnì tiwa yìí, bẹ́líìtì kan náà ló tún ń yí ọ́ìlì pọ́m̀pù àti wọ́tà pọ́m̀pù, ẹ fi ti wọ́tà pọ́m̀pù yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ síbẹ̀.

Sátidé la bẹ̀rẹ̀, bí aago mẹ́jọ àárọ̀. A gbé iwájú ọ̀tún mọ́tò sókè, a yọ táyà, a yọ rọ́bà tó bo ìdí ẹ́ńjìnì. Iyanrìn ni ilẹ̀ kọ́ńpáùndì wa, àfi ibi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí. Jáàkì tó bá mọ́tò wá la lò, a fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, a ò gbé nǹkan kan sábẹ́ ṣásí. Bí àbúrò mi ṣe fi páìpù sẹ́nu sípánà tó fà á, jáàkì rì, ó dagun, mọ́tò já lulẹ̀ gbì, ojú irin bíréèkì ló fi balẹ̀. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kí n lè mú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi sáré jáde láti inú ilé, ó wo èmi, ó wo àbúrò mi, ó ka ìka ọwọ́ wa, ó ní "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe mẹkáníìkì, ìnáwó ò tó èèyàn." Mo ní kó má bínú. A dá táyà padà, a ti mọ́tò lọ sórí sìmẹ́ńtì, a lọ yá sítáńdì irin méjì lọ́wọ́ fọkanáìsà tó wà ní òpópónà wa, a sì tún fi táyà tí a yọ sábẹ́ ṣásí. Ẹlòmíràn á ní búlọ́ọ̀kù wà ńlẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò lé búlọ́ọ̀kù, ṣe ló máa ń fọ́ lójijì láìkọ́kọ́ sán, mo sì ń fi gbogbo ara sọ èyí torí ọwọ́ mi tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ yìí ni ì bá lọ.

Nọ́ọ̀tì tó di púlì kíráńkì mú, nọ́ńbà 19 ni, ó sì le. A fà á títí, ẹ́ńjìnì ló kàn ń bá wa yí. Àbúrò mi ní òun ti rí ọ̀gá òun tó fi sítátà tú u: wọ́n á gbé orí sípánà ti ilẹ̀, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ gbọ́n sítátà díẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ á tú nọ́ọ̀tì. A yọ wáyà kọ́ìlì, a yọ fíúùsì ẹ̀rọ epo kí ó má baà sítáàtì, gbogbo wa kúrò nítòsí, mo gbọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, ó dún gbàmù, ó tú. Ó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n sípánà yẹn fò jáde, ó sì gún rọ́bà inú fẹ́ńdà já, ká ní ẹnì kan dúró síbẹ̀ ni, ojúgun ẹ̀ ni ì bá bá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ní Honda Accord 1998 sí 2002 oní-pisítìn mẹ́rin gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ́ńjìnì tiyín apá òsì ló ń yí sí, kò yí sí ọ̀tún bíi ti Toyota, tẹ́ ẹ bá gbọ́n sítátà bẹ́ẹ̀ ẹ kàn tún ń dè é mọ́lẹ̀ sí i ni. Lẹ́yìn èyí la wá tú orí bátìrì, a fi pátákó lé orí jáàkì, a fi gbé ìdí ẹ́ńjìnì ró, a tú ẹ́ńjìn sítíńnì apá ọ̀tún, ìyẹn rọ́bà tó di ẹ́ńjìnì mọ́ ara mọ́tò.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Kí èèyàn tó yọ bẹ́líìtì, ó gbọ́dọ̀ to àwọn àmì. Àmì ìsàlẹ̀ rọrùn, ojú gígé kékeré kan wà létí púlì kíráńkì, a óò gbé e síwájú "0" tí wọ́n kọ sára kọ́fà, ojú kò lè ṣì í. Ti òkè ló le. Ihò kékeré kan wà lára púlì káàmù, lẹ́yìn ihò yẹn àmì kan wà lára irin tó di káàmù mú, èèyàn gbọ́dọ̀ wo inú ihò kó rí àmì yẹn láàárín gbùngbùn. Àmọ́ ààyè tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti fẹ́ńdà kò ju ìbú ọwọ́ lọ, orí èèyàn ò lè wọ ibẹ̀, ó di dandan kó wò ó láti òkè, kó wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní "Bùọ̀dá mi, ó ti wọlé, mo rí i." Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo rí nǹkan dúdú kan nínú ihò, mo ní ó ti wọlé lóòótọ́. Bí èèyàn bá wo nǹkan tó wà lẹ́yìn ihò láti ẹ̀gbẹ́, ibi tó rí i sí kọ́ ló wà. Àwa méjèèjì ò rò ó débẹ̀.

Mo tiẹ̀ fi Tipp-Ex sàmì sí bẹ́líìtì àtijọ́ àti púlì méjèèjì, mo fẹ́ ka eyín tó wà láàárín wọn kí n lè ṣe bákan náà sára tuntun. Bẹ́líìtì tí ọ́ìlì ti rin, Tipp-Ex ò lè di ara ẹ̀ mú. Nígbà tí a fi máa gbé e sílẹ̀, ọwọ́ wa ti nù ún kúrò. Bí bẹ́líìtì sì ṣe já kúrò lójú eyín, káàmù mi díẹ̀, ẹ ó tiẹ̀ gbọ́ ọ, "kọ̀", sípírìn àwọn fáàfù ló ń tì í. A fi sípánà dá a padà síbi tá a ti rí i tẹ́lẹ̀, láti òkè náà la tún ti wò ó. A ò pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì káàmù tó ń jò, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú, a kàn fi àkísà nu ojú ẹ̀ mọ́, mo ní ìyẹn lè dúró dìgbà mìíràn.

Tẹ́nṣọ̀nà ẹ́ńjìnì yìí, ìyẹn púlì kékeré tó ń fa bẹ́líìtì le, ní sípírìn tiẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ká tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ sílẹ̀, ká jẹ́ kí sípírìn náà fúnra ẹ̀ fa bẹ́líìtì le dé ibi tó mọ, ká fọwọ́ yí kíráńkì sí ọwọ́ ọ̀tún yípo kan àti díẹ̀ tí yóò kù díẹ̀ kó pé méjì, kí á tó wá de nọ́ọ̀tì. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo bẹ́líìtì, mo ní ó dà bí ẹni pé ó dẹ̀, mo fi irin gbọọrọ ti tẹ́nṣọ̀nà mọ́ ọn, mo ní kí àbúrò mi de nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀. Apá kejì tí kò sí tẹ́nṣọ̀nà, tó kọjú síwájú mọ́tò, òun ló yẹ ká kọ́kọ́ fà le kí a tó kó bẹ́líìtì sójú àwọn tó kù, òun la fi sílẹ̀ tó dẹ̀, nígbà tí mo wá ti tẹ́nṣọ̀nà, ibi tó dẹ̀ yẹn fà le, ó sì fa káàmù yí díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ojú òun ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀, ìkánjú ló kàn wà.

A tò ó padà, ẹ́ńjìn sítíńnì, kọ́fà, púlì, fáànù bẹ́líìtì, ó ti di aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń pe ìrun mọ̀gàríbì. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì ẹ̀ẹ̀mejì pérépéré kí n tún wo àmì kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo ti gbọ́ ọ nínú fídíò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní kí n kàn sítáàtì ẹ.

Ó sítáàtì o, àmọ́ ṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, stíárìn ń jó lọ́wọ́ mi. Ohùn kan tún wà nínú ẹ̀, hùùùùn, bí mo bá ṣe ń tẹ tọ́ọ̀tù sí i ni ohùn náà ń ròkè sí i. Àbúrò mi ní bóyá kọ̀ǹpútà mọ́tò ni, torí a tú bátìrì, pé tó bá rìn díẹ̀ ó máa rántí ara ẹ̀. A gbé e jáde sí ọ̀nà Ọ́fà Gáréèjì, mo tẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, kò ní páwà, kẹ̀kẹ́ márúwá ń kọjá lára wa. A yí i padà sílé, mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tó ń lọ lọ́kàn mi ni pé mo ti ba ẹ́ńjìnì mọ́tò tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣe àjọ rà jẹ́.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè mo lọ kí Àlájì kan ní àdúgbò wa, bàbá náà ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ torí ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ò bá mi wí rárá. Wọ́n kàn bi mí pé "Ẹ fọwọ́ yí i ẹ̀ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ sítátà?" Mo ní "Rárá, Àlájì." Wọ́n ní "Ó dáa. Mọ́tò wo ni?" Mo ní Camry 99, oní-pisítìn mẹ́rin. Wọ́n ní "Alhamdulillahi."

Nígbà yẹn mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnì inú Camry yìí, bí táímìn ẹ̀ bá tilẹ̀ já pátápátá lórí eré, fáàfù àti pisítìn ò lè pàdé, ààyè wà láàárín wọn, ọkọ̀ á kàn kú ni. Ká ní Accord 1998 sí 2002 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni, pisítìn á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, owó ẹ̀ á sì kọjá gbogbo ohun tí èèyàn rò pé òun fi pamọ́. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí mi ò bèèrè rárá kí n tó gbé sípánà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ wádìí irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú mọ́tò yín, ṣé èyí tí pisítìn ẹ̀ ń gbá fáàfù ni àbí èyí tí kì í gbá a. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní bẹ́líìtì nínú rárá, Corolla ti Amẹ́ríkà láti 1998 lọ sókè, Camry 2.4 láti 2002, ṣéènì ni wọ́n ń lò.

Àlájì fi ọ̀pá wọn tilẹ̀ wá sí kọ́ńpáùndì wa, ìyàwó mi gbé àga fún wọn. Wọ́n ní ká yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì má baà máa tì wá, ká wá fọwọ́ yí kíráńkì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni pé ìgbà yẹn ni káàmù tó yí ẹ̀ẹ̀kan péré, tó padà síbi tó ti kúrò. A gbé ìsàlẹ̀ dé "0". Àlájì ní "Ẹ bá mi gba dígí lọ́wọ́ ìyàwó." Ó mú dígí páńkéèkì ẹ̀ wá. Wọ́n ní kí àbúrò mi ki dígí yẹn wọ àárín ẹ́ńjìnì àti fẹ́ńdà kó kọjú sí ihò, kí èmi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Àmì náà ò sí láàárín ihò. Ìdajì ẹ̀ ti wọ abẹ́ irin. Eyín kan. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì níbi tó gùn jù, ó le bí igi, wọ́n ní "Ìyẹn lẹ fi ń gbọ́ ohùn yẹn. Sípírìn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó pinnu, kì í ṣe ọwọ́."

A tún tú u. Ohun tó gbà wá ní odidi ọjọ́ ní Sátidé, wákàtí mẹ́ta ló gbà lọ́jọ́ yìí torí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kọ́fà ìsàlẹ̀ bọ́, Àlájì ní ká tan iná sí wọ́tà pọ́m̀pù. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀, omi pupa ti ṣàn níbẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, a ò rí i ní Sátidé torí a ò wò ó. Ó ti fẹ́ kú. Ká ní ó lọ lẹ́yìn oṣù méjì, gbogbo nǹkan yìí náà la óò tún tú, kí omi tiẹ̀ tún wọ ara bẹ́líìtì tuntun. Wọ́n wo ọ́ìlì síìlì tí mo fi sílẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní ọ́ìlì ló pa èyí tẹ́ ẹ yọ, ṣé òun náà lẹ fẹ́ kó pa èyí tẹ́ ẹ wọ̀?

Mọ́ńdè ni mo lọ sí àdúgbò Táíwò ní Ìlọrin, mo ra wọ́tà pọ́m̀pù, síìlì káàmù àti ti kíráńkì, àti bẹ́líìtì mìíràn, torí èyí tí mo ti le jù yẹn ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo bá ọkùnrin tó ń ta pátì náà dúnàádúrà títí, wọ́n yọ díẹ̀ fún mi nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó kù ò gùn. A wọ síìlì, a wọ pọ́m̀pù, a fa apá iwájú le kí a tó kó bẹ́líìtì sójú pọ́m̀pù àti tẹ́nṣọ̀nà, a tú tẹ́nṣọ̀nà sílẹ̀ kí sípírìn ṣiṣẹ́ ẹ̀, a yí i, a dè é. Irin pẹlẹbẹ bí àwo tó máa ń wà níwájú eyín kíráńkì, ojú ẹ̀ tó jin bí inú àwo ló gbọ́dọ̀ kọjú síta, a ti fẹ́ kọ ẹ̀yìn ẹ̀ síta kí Àlájì tó pariwo. Nọ́ọ̀tì kíráńkì, ọ̀gá àbúrò mi yá wa ní sípánà tó ń ka agbára, a dè é dé 108 Nm bí Toyota ṣe wí. Lẹ́yìn náà mo fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì ẹ̀ẹ̀mejì, mo fi dígí wò ó, mo tún yí i ẹ̀ẹ̀mejì, àbúrò mi wò ó, mo tún yí i, Àlájì fúnra wọn dìde lórí àga wá wò ó. Àárín gbùngbùn. A da omi sí radiétọ̀, mo tẹ sítátà, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo ní láti wo dáṣíbọ́ọ̀dù kí n tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Mo wà á kiri ìgboro láti Túṣìdeé dé Fúráìdeé, mo ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lárààárọ̀. Ní Sátidé a gba Ganmọ, a kọjá Ìdófìán, nígbà tí a dé Àjàsẹ́ mo páàkì, mo ṣí i, mo fọwọ́ kan gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀, gbígbẹ ni. Ìyàwó mi na ike Tipp-Ex sí mi láti inú báàgì ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó mú un dání. Mo kọ ọ́ sára kọ́fà òkè níbẹ̀: ọjọ́ tá a pààrọ̀ ẹ̀, 171,340 máìlì, ìgbà tó kàn 231,340. Lẹ́yìn náà a wọ mọ́tò, a forí lé ọ̀nà Òró.